Ọ̀gá Rere, Owó Tí Kò Tó

(Àsọyé tí a sọ níwájú ìpàdé gbogboogbò ti ẹ̀ka Ṣíkà)

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ rán wa lónìí kò wúwo lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo nínú. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dá wọn lóhùn: bí ènìyàn bá rí iṣẹ́ níbi tí wọn kì í ti í bú u, tí ọ̀gá mọ iyì rẹ̀, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣeré, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n tí owó oṣù ibẹ̀ kò tó ó jẹ, ṣé kí ó jókòó síbẹ̀ ni àbí kí ó gbéra?

Àwọn àgbà kan rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ìbéèrè yìí sókè. Wọ́n ní, "Nígbà tí àwa wá sí Òkè Ọya, ta ni ó bi ọ̀gá léèrè bóyá ó fẹ́ràn òun? Owó ni ó gbé wa dé ibí." A kò bá wọn jiyàn. Reluwé dé Kánò ní 1911. Àwọn ènìyàn wa kan ti ṣáájú rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹrù lórí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ àti ìlú mìíràn rọ́ tẹ̀ lé ojú irin: oníṣòwò, akọ̀wé, káfíńtà, télọ̀, awakọ̀. Kò sí ẹni tí ó wá ẹ̀rín ọ̀gá wá nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi àwọn baba wa ní ìbéèrè kan padà. Ní 1954 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu pé lébìrà ìjọba tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ yóò máa gba ṣílè márùn-ún lóòjọ́. Òkè Ọya kò san tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Èé ṣe tí àwọn tí ó wà níhìn-ín kò fi di ẹrù wọn padà sílé? Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé ìyàwó ti ní ìsọ̀ lọ́jà, ọmọ ti wọ ilé ìwé, ẹgbẹ́ ti wà tí yóò sin òkú ẹni, mègídá tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti wọn ọ̀rọ̀ yìí rí! Wọn kò kàn pe orúkọ rẹ̀ ni.

Ìlú òṣìṣẹ́ oṣù ni Ṣíkà tiwa yìí. Ìjọba òyìnbó dá oko ẹran sílẹ̀ síbí ní 1928, oko náà ni ó sì di ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀sìn ẹran ti orílẹ̀-èdè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NAPRI, lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú irú adìẹ ẹlẹ́yin tí a ń pè ní Shikabrown jáde, tí orúkọ ìlú wa fi wà lára adìẹ káàkiri. Ní 2005 ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà kó kúrò nínú ìlú Sáríà wá síbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá wọ̀nyí ni àwọn kékeré ti hù: oko adìẹ aládàáni, ilé ìwé aládàáni, ilé oògùn, ilé ìtẹ̀wé, ibi tí a ti ń lọ oúnjẹ ẹran. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa ni ó wà lọ́dọ̀ àwọn kékeré wọ̀nyí, níbẹ̀ gan-an ni ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ sì ti dìde. Ní iṣẹ́ ìjọba, ìwé ni ó ń sọ iye tí ènìyàn yóò gbà. Ọ̀gá kò lè fi kún un bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ tó. Lọ́dọ̀ aládàáni, ẹnu ọ̀gá ni owó wà, ẹnu kan náà sì ni ọ̀rọ̀ dídùn ti ń jáde. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú.

Àwa rò pé ohun tí ó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́nà ni pé wọ́n fi orúkọ kan pe ohun méjì. Ìtọ́jú kan wà níbi iṣẹ́ tí ènìyàn lè gbé délé, òmíràn sì wà tí ó ń parí sí ẹnu géètì. Bí wọ́n bá ń san owó oṣù rẹ ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, tí kì í yẹ̀, o gbé e délé, nítorí alájọ àti onílé mọ ọjọ́ tí wọn yóò rí ọ, ẹni tí ń ta ọjà àwìn kò sì ní fi owó lé tìrẹ. Bí ọ̀gá bá jẹ́ kí o lọ sìnkú baba rẹ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò gé owó rẹ, o gbé e délé. Bí wọ́n bá kọ́ ọ bí a ti ń fún adìẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, bí a ti ń po oúnjẹ ẹran, bí a ti ń tọ́jú ìwé owó, wọn kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ mọ́ lọ́jọ́ tí o bá ń lọ. Bí iṣẹ́ bá sì parí ní agogo mẹ́rin lóòótọ́, tí o lè ro ebè díẹ̀ nínú oko àgbàdo rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ni ìyẹn náà, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé owó oṣù.

Ṣùgbọ́n àpárá tí a jọ ń dá, orúkọ ìnagijẹ tí ọ̀gá fún ni, ìrẹsì Kérésì tàbí ẹran Iléyá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, "ẹ kú iṣẹ́ o" láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ dára, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ní kò dára. Ẹni tí wọ́n ti bú rí níwájú ọmọ tí ó bí ni ó mọ iyì "ẹ kú iṣẹ́". Ṣùgbọ́n kò sí onílé tí ń gbà á ní owó ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó gbòde lẹ́nu àwọn agbanisíṣẹ́: "Ẹbí kan ni wá níbí." Ẹ jẹ́ kí a fi ojú Yorùbá wò ó. Àwa náà mọ iṣẹ́ tí kò ní owó nínú. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá dá àáró, wọn a wà ní oko ti ọ̀kan lónìí, wọn a wà ní oko ti èkejì lọ́la. Kò sí ẹni tí ń san kọ́bọ̀, kò sì sí ẹni tí ń ráhùn, nítorí olúkúlùkù mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wẹ̀: ẹni tí ó bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ yóò fún wa ní oúnjẹ àti ẹmu, bí àwa náà bá sì ń kọ́lé lọ́dún tí ń bọ̀, kò gbọdọ̀ ṣàì yọjú. Ohun tí ó mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dùn kì í ṣe orin tí a ń kọ nídìí rẹ̀, bí kò ṣe pé ó ń yí kárí. Nítorí náà bí ọ̀gá bá ní ẹbí ni wá, kò burú. Kí a rọra béèrè ìgbà tí yóò kàn wá. Lọ́dún tí ẹyin wọ́n tí èrè sì pọ̀, ṣé ẹbí jọ pín in? Àbí ọjọ́ tí a bá fẹ́ béèrè owó nìkan ni a ń di ẹbí? Àáró tí ó bá dúró sí oko ẹnì kan ṣoṣo kò jìnnà sí ìwọ̀fà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀fà tilẹ̀ ti kọ́kọ́ gba owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sìn.

Ọ̀kan nínú wa gbà pé kí a sọ ọ̀rọ̀ òun, bí a kò bá ti dárúkọ òun tàbí ibi iṣẹ́ òun. Ọdún mẹ́rin ni ó fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ní oko adìẹ. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn búburú rárá. Nígbà tí ọmọ arákùnrin yìí ṣàìsàn lóru, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó fi mọ́tò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. "Bàbá" ni ó ń pe òṣìṣẹ́ rẹ̀, kì í pè é lórúkọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rin náà owó oṣù kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni gàrí, epo àti owó ọkọ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Nígbàkígbà tí a bá bá arákùnrin wa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ: "Ẹ ò mọ ọ̀gá mi ni. Irú rẹ̀ kò sí."

Ìyàwó rẹ̀ ń din àkàrà létí ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí Fúntúà. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ó ń jí lọ lọ ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ìyá ń ṣírò àjọ wọn, ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí owó àkàrà ti san láti ọdún mẹ́rin: owó ilé ìwé ọmọ méjì, ìdajì owó ilé, oògùn, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò ọkọ, owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ nílé. Ó kà á títí ọwọ́ rẹ̀ kò gba kíkà mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìyá kò tíì gbàgbé: "Ó jọ pé èmi náà ni mo ti ń bá ọ̀gá bàbá àwọn ọmọ mi ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin yìí. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ mí, kò sì pè mí ní Màmá rí."

Ẹ̀yin ará, àwa kò tíì gbọ́ ẹni tí ó wọn ọ̀rọ̀ yìí péye tó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tí kò tó kì í ṣàì rí ẹni tí yóò san ìyókù rẹ̀. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá san án, ẹlòmíràn ni ó ń san án: aya tí ń din àkàrà, ọkọ tí ó lọ ń ṣọ́ ilé onílé lóru, ọmọ tí a yọ kúrò ní ilé ìwé tí ó dára lọ sí èyí tí kò dára, ìyá arúgbó tí a ń fi "oṣù tí ń bọ̀" dá lóhùn. Ìgbádùn ibi iṣẹ́ jẹ́ ti ẹnì kan, gbèsè rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ilé. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dúró níbi tí ọkàn òun ti balẹ̀, kí ó má dá a rò. Kí ó pe ẹni tí ń san ìyókù jókòó, kí wọ́n jọ kà á. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà yóò ka tirẹ̀ tán tí yóò sì wí pé, "Dúró níbẹ̀. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ni o ti ń sùn lóru, o kì í sì í na ọmọ mọ́. A ó rọ́gbọ́n dá sí ìyókù." Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó dúró tọkàntọkàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹnì kan máa fi owó ẹlòmíràn ra àlàáfíà fún ara rẹ̀ láìbéèrè.

Kí ẹ má sì rò pé a ń ti àwọn ènìyàn jáde níbi iṣẹ́ wọn. Arábìnrin kan wà nínú wa, olùkọ́ ni. Ó fi ilé ìwé kékeré kan sílẹ̀ níhìn-ín nítorí pé wọ́n ṣèlérí owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì fún un ní ìlú ńlá. Ní oṣù kìíní wọ́n gé nínú owó náà nítorí pé ó pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní oṣù kejì wọ́n tún gé e nítorí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò san owó ilé ìwé, bí ẹni pé olùkọ́ ni agbowó. Ní oṣù kẹta owó kò jáde títí oṣù kẹrin fi dé ìdajì. Ó ń san owó ilé níbẹ̀, ó tún ń wọ ọkọ̀ wá wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbí. Nígbà tí a bá a ṣírò ohun tí ó wọlé gan-an, kò tó ti Ṣíkà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ìyá àwọn ti ń jágbe. Iye tí a kọ sínú lẹ́tà yàtọ̀ sí iye tí ó dé ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà pàápàá ní owó tirẹ̀. Ẹni tí ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Kàdúná tàbí Àbújá kì í san owó ọkọ̀ nìkan, ó ń san ìbẹ̀rù pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 28 oṣù March 2022 àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Àbújá bọ̀ ní Kàdúná, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ, October ọdún náà ni a tó tú àwọn tí ó kẹ́yìn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, tí a sì lè fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò yẹ kí a kà á sí òfo.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adam Smith, ará Skọ́tíláǹdì, kọ ọ́ ní 1776 nínú ìwé rẹ̀ lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè pé iṣẹ́ tí ó bá nira, tí ó dọ̀tí, tàbí tí ó ní ẹ̀gàn a máa gba owó ju èyí tí ó rọrùn lọ. Ó ní iṣẹ́ ẹni tí ń pa àwọn tí a dájọ́ ikú fún, tí gbogbo ayé kórìíra, ni ó ń gbowó jù lọ bí a bá fi wé ìwọ̀n wàhálà inú rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé ó tọ́ kí ibi ìrọ̀rùn san díẹ̀. Ṣùgbọ́n Smith kò dé Ṣíkà. Níhìn-ín, ẹni tí ń kó ìgbẹ́ adìẹ ni owó rẹ̀ kéré jù, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì dọ̀tí jù. Òun náà tilẹ̀ ti sọ pé ibi tí olúkúlùkù ti lè yan iṣẹ́ tí ó wù ú nìkan ni ọ̀rọ̀ òun ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ń yan iṣẹ́ níbi tí ogún ènìyàn ti ń dúró lẹ́yìn géètì? Ní Amẹ́ríkà, ní 1959, Frederick Herzberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bi nǹkan bí igba ẹnjiníà àti olùṣírò owó léèrè ohun tí ó ń mú inú wọn dùn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rí i pé owó tí kò tó a máa bí ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n owó tí a fi kún un nìkan kì í mú un fẹ́ràn iṣẹ́. Àṣeyọrí, àti kí a mọ iyì ohun tí ó ṣe, ni ó ń mú un fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a sì rí i lára àwọn ènìyàn wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tí ó fẹ́ràn láti máa sọ irú rẹ̀ fún wa, kí wọ́n rántí pé ẹni tí ó ti jẹun ni wọ́n bi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a ka owó díẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà jẹ́ ₦125 ní 1981, ó di ₦18,000 ní 2011, ₦30,000 ní 2019, àti ₦70,000 ní July 2024. Ẹ pín ₦70,000 sí ọjọ́ 30: ₦2,333 ni. Bí ènìyàn márùn-ún bá wà nílé, kò tó ₦470 fún ẹnì kan lóòjọ́, a kò sì tíì san owó ilé, a kò tíì wọ ọkọ̀. Ní June 2024, oúnjẹ ti fi ju ìdá 40 nínú 100 wọ́n ju bí ó ti rí ní June 2023 lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò yí padà láàárín ọdún yẹn, wọ́n ti gé owó rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé òfin 2019 náà, tí ti 2024 kàn tún ṣe, kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì de iṣẹ́ oko tí a ń ṣe ní ìgbà dé ìgbà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá ní oko adìẹ, ẹ kò lè fi òfin yìí bá ọ̀gá jà. Àdéhùn yín nìkan ni ẹ ní. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ìwé. Òfin iṣẹ́ wa sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí agbanisíṣẹ́ ti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ iye owó rẹ̀, ọjọ́ tí a ó máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi rẹ̀. Ọ̀gá tí ó mọ iyì ènìyàn kò ní bínú sí ìwé. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ọ̀gá máa fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó rẹ pamọ́ fún ọ, kí ìwọ náà sì fi ìdá 8 kún un. Bí màlúù bá ta ọ́ nípàá tàbí ẹ̀rọ bá gé ọ lọ́wọ́, òfin 2010 ti ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àpò ìjọba nítorí irú rẹ̀, kì í sì í ṣe láti inú owó oṣù rẹ ni yóò ti yọ ọ́. Ibi iṣẹ́ tí ó ń ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí láìsí ariwo, bí owó ibẹ̀ bá kéré díẹ̀, àwa yóò kà á sí ibi rere. Ibi tí kò ṣe ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n tí àpárá ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin náà ẹ dá a lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣoore fún ni jẹ́ àìmoore. Ẹ wo 1945. Nígbà ogun Hitler ọjà wọ́n gógó, owó òṣìṣẹ́ kò sì tẹ̀ lé e. Ní June ọdún náà àwọn òṣìṣẹ́ reluwé, tí Michael Imoudu ṣáájú wọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju 40 ọjọ́ lọ. Kì í ṣe ìwà ọ̀gá kan ni wọ́n jà lé lórí. Ó dájú pé òyìnbó oníwà tútù wà láàárín àwọn ọ̀gá wọn, tí ó ń béèrè àlàáfíà ọmọ. Wọ́n ní owó ọ̀wọ́n gógó ni àwọn fẹ́, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sì dámọ̀ràn pé kí a fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n gógó náà. Ìmoore wà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. A lè kúnlẹ̀ dúpẹ́ nítorí ọmọ tí a gbé lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì tún dìde béèrè owó oṣù.

Ẹ sì wo apá kejì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka sí iṣẹ́ tí ó ní iyì jù, tí ọ̀gá kì í dúró lé ni lórí. Síbẹ̀ láti ọjọ́ 14 February títí di ọjọ́ 14 October 2022, ẹgbẹ́ wọn jákèjádò orílẹ̀-èdè daṣẹ́ sílẹ̀ lórí àdéhùn tí wọ́n ti bá ìjọba ṣe láti 2009. Wọn kò gba owó oṣù wọ̀nyẹn, October 2023 ni ìjọba tó gbà láti san mẹ́rin nínú rẹ̀. Ìyá tí ń ta oúnjẹ fún wọn ní Sàmárù náà kò rí ọjà tà. Iyì kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìṣírò.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe béèrè? Arákùnrin wa tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá lọ. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ lọ, wọ́n sì yan ìgbà tí a ti ta ẹyin tán tí inú ọ̀gá dùn. Wọn kò sọ pé ebi ń pa wọ́n, nítorí ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ yóò gba ìrẹsì dípò owó. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé: iye tí a ń gbà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, iye tí ó rà nígbà náà, iye tí ó ń rà nísinsìnyí. Ọ̀gá ka ìwé náà, ó sì yà á lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò ti sọ?" Ó fi owó kún un, kò tó ohun tí wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí àwọn ìyàwó wọn máa ra adìẹ tí ó ti dá ẹyin dúró ní iye tí òun ń tà fún alágbàtà, kí wọ́n máa fi ṣòwò. Òun fúnra rẹ̀ kò ronú nípa ìyẹn rí, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá rere kan wà tí ó jẹ́ pé àìsọ tiwa ni kò jẹ́ kí ó ṣe rere náà dópin. Èyí tí ó bá gbọ́ tí ó bínú, tí ó ní a ti ya aláìmoore, a ti mọ iye tí ẹ̀rín rẹ̀ tó nìyẹn.

Arákùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀ ti dá ọjọ́ sí i: bí ọmọ wọn àgbà bá jáde ìwé mẹ́wàá, wọn yóò tún un kà. Ìyàwó ni ó mú ọjọ́ náà. A fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì gbéyàwó, tí ó wà níbi tí a ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ gidi, owó kékeré kò lè pa á, bí ó bá ti mọ ọdún tí yóò kọ́ ọ tán. Ẹni tí ọmọ mẹ́ta ń wo ojú rẹ̀, tí kò sì kọ́ ohun tuntun kankan láti ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí ó yẹ ní ọdún 22 lè di ọgbà ẹ̀wọ̀n aláwọ̀ rírẹwà ní ọdún 40. Kí ó máa wá ibòmíràn nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí bí owó ṣe ń jáde àti iye tí wọ́n ń gé, kí ó tó dágbére fún ẹni tí ó ṣe é dáadáa.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí ẹni tí ó bá ní ìwé iṣẹ́ mú un wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Akọ̀wé àti àwọn méjì tí ó mọ̀ nípa òfin nínú wa yóò bá a kà á ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kankan náà kí ó wá, kí a bá a kọ ohun tí yóò mú lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìyàwó, kí ó mú un wá pẹ̀lú ìwé ọjà rẹ̀, kí ìyàwó tí ń gba owó oṣù sì mú ọkọ rẹ̀ wá. Agogo mẹ́rin ni a ó bẹ̀rẹ̀.